Níta Ni Mo Wà Láàárọ̀ Sátidé Yẹn

Olóhùn-iyọ̀, ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí àbúrò ọkọ rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín tí kì í tètè jí. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ara le? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a gbúròó yín ní búburú. Iṣẹ́ dókítà eyín tí ò ń ṣe yẹn, ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n, eyín tí o bá fẹ́ fà á jáde wọ́ọ́rọ́, ẹni tí o fà á fún á sì padà wá dúpẹ́. Àwọn ọmọ rẹ á gbọ́n, wọ́n á gbọ́rọ̀ sí ọ lẹ́nu. Àmín. Àdúrà ni mo kọ́kọ́ ṣe, torí mo mọ̀ pé tí mo bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú mi ṣáájú, àdúrà ò ní ráyè mọ́. Inú ń bí mi. Inú ń bí mi gan-an ni. Tí o bá rí ibi tí bébà yìí ti ya, kì í ṣe eku ló jẹ ẹ́, bírò ni mo tẹ̀ jù.

Nílé níbí, gbogbo wa wà. Orúnkún ọ̀tún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, ó ní ojú ọjọ́ ni, mo ní ọjọ́ orí ni, a ò tíì parí ìjà yẹn. Àbúrò rẹ ti kun iwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà mi, àwọ̀ ewé tí mo ní kó lò kọ́ ló lò, àwọ̀ kan báyìí tó dà bí ahọ́n ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ló fi kùn ún, ó ní ìyẹn ló lòde báyìí. Àwọn tó gba ilé ẹ̀gbẹ́ wa ní ajá kan tí kì í gbó, ó kàn máa ń wo ènìyàn ni, ó sì ń bí mi nínú, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Telifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí o fi ránṣẹ́ dé, mo dúpẹ́, Ọlọ́run á fi kún àpò rẹ. Ṣùgbọ́n nǹkan náà ò ní ẹ̀kọ́ ilé. Gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án ló máa ń bi mí pé ta ló ń wò ó. Nínú ilé mi! Mo ní èmi ni, èmi onílé, èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi jó irin ojú fèrèsé tí kò jẹ́ kí olè gbé ìwọ telifíṣọ̀n lọ. Kò dá mi lóhùn. Ó kàn ń fi oríṣiríṣi orí hàn mí, orí pupa, orí aláwọ̀ ọsàn, ó ní kí n mú ọ̀kan níbẹ̀. Àbúrò rẹ bá mi tẹ ọ̀kan tí kò ní irun, tó ń rẹ́rìn-ín, kò sì sọ fún mi pé orí ọmọdé ni. Láti ọjọ́ yẹn, kátúùnù nìkan ló ń fún mi wò.

Mo kọ́kọ́ yọ̀ ná. Mo ní àárọ̀ Sátidé ti padà dé. Mo pe ìyá rẹ, a jókòó. Àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹranko kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, kò tíì parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, Mọ́ńdè kátúùnù, Túsìdè kátúùnù, ìdájí kátúùnù, ìrọ̀lẹ́ kátúùnù. Kò sí ẹni tó ń kí ènìyàn káàárọ̀, kò sí ẹni tó ń sọ pé ó dàbọ̀. Nígbà tó ṣe, ó dákẹ́, ó wá bi mí pé ṣé mo ṣì ń wò ó. Mo ní níbo ni mo fẹ́ lọ? Ṣé ó rí mi kí n dìde ni? Mo pa á, mo da aṣọ bò ó. Ìyá rẹ ní kò yẹ kí n máa bá ẹ̀rọ jà, mo ní ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Torí náà ni mo ṣe wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ tí o bà mí lórúkọ jẹ́. O mọ onígbàjámọ̀ yìí dáadáa, òun ni ọmọ kékeré olórí gbọọrọ tó máa ń jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn nílé wa, tó máa ń sunkún tí ètò ọmọdé bá ti parí láàárọ̀ Sátidé. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ó ní dígí ńlá, ó ní telifíṣọ̀n tó gbé kọ́ ògiri. Ó ti gẹ apá kan orí mi, apá kejì ṣì kù, ló bá pa ẹ̀rọ ìgẹrun, ó ní, Bàbá, ẹ wo Olóhùn-iyọ̀.

Mo wò ó, ìwọ ni. Ìwọ nínú aṣọ búlúù, lórí àga tìmùtìmù pupa, ìwọ àti àwọn mẹ́ta mìíràn, pẹ̀lú ọkùnrin kan tí kóòtù rẹ̀ fún un débi pé bọ́tìnnì ń jẹ̀rora. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Mo ní kí ọ̀gá tíṣà tó ń dúró de orí tiẹ̀ gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ọkùnrin oníkóòtù ní ìrántí ètò ọmọdé ayé àtijọ́ lẹ fẹ́ ṣe, pé ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n fi hàn nígbà náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ ń fi Alápò-lẹ́tà rẹ́rìn-ín, ọmọláńgidi tó máa ń pín lẹ́tà tó sì máa ń pẹ́ dé. Ẹ ní ẹnu rẹ̀ ò pa dé, ẹ ní òkùn tí wọ́n fi ń fà á ń hàn kedere. Ìwọ dókítà eyín wá ní, ká ní ó wá sọ́dọ̀ rẹ ni, o ò bá tọ́jú àgbọ̀n rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò dùn mọ́ mi, torí ìwọ yìí kan náà lo máa ń fi ọwọ́ bojú tí Alápò-lẹ́tà bá fẹ́ ṣubú, àmọ́ mo gbójú fò ó.

Ìgbà náà ni ọkùnrin yẹn bi ọ́ pé, lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọ́ hàn, ta ló wò ọ́ nílé. Mo tún ara mi ṣe lórí àga. O wá sọ ọ́, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ:

"Ìyá mi wò ó, gbogbo àdúgbò wò ó. Bàbá mi nìkan ni ò wò ó. Wọ́n wà níta, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Bàbá mi ò ráyè irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

O sì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo bí ọ, mo mọ ẹ̀rín rẹ, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rín rẹ. Ọkùnrin oníkóòtù gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, ó mà ṣe o. Ta ló ní kó ṣàánú? Ta ló bẹ̀ ẹ́? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ láìjẹ́ pé mo ní kí wọ́n dákẹ́. Ọ̀gá tíṣà tún gbé ìwé ìròyìn, ó fi bojú. Onígbàjámọ̀ dúró pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wo telifíṣọ̀n, ó wò mí, ó ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ di antẹ́nà mú lọ́jọ́ yẹn?"

Mo dìde, mo jáde pẹ̀lú aṣọ onígbàjámọ̀ lọ́rùn àti irun lápá kan orí, mo sì rìn la àárín àdúgbò kọjá bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́.

Ṣé ìwọ gbàgbé ni, àbí o ò mọ̀ ọ́n rí? Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ, torí ó dà bíi pé èmi nìkan ni nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀ sí.

Àwa la kọ́kọ́ ní telifíṣọ̀n ní àdúgbò yìí. O rántí rẹ̀, èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bí ewúrẹ́, tó ní ilẹ̀kùn méjì tí wọ́n ń tì ní kọ́kọ́rọ́, tí ìyá rẹ máa ń fi epo nu lára títí tá a fi ń rí ojú wa nínú pákó rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ti máa ń tò síwájú ilé. Ẹnu ẹ̀rọ omi ni wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀, torí ìyá rẹ ò gbà kí ẹsẹ̀ oníyẹ̀pẹ̀ wọ páálọ̀. Màá ṣí ilẹ̀kùn telifíṣọ̀n, màá tàn án, ìlà nìkan la máa kọ́kọ́ rí, òun àti ohùn kan tó ń ké fíííí. Àwọn ọmọ á jókòó, wọ́n á máa wo ìlà yẹn, wọn ò ní mira, àfi bí ẹni pé ìtàn wà nínú ìlà. Ìgbà yẹn ni Àǹtí Sátidé, obìnrin tó ń darí ètò náà, á yọ pẹ̀lú irun rẹ̀ gbàǹgbà, á ní ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo ilé á dáhùn. Èmi náà máa ń dáhùn. Mo sì máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì kí n tó jókòó, torí kò dáa kí obìnrin ẹlòmíì wá bá mi nínú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Nǹkan kan wà tí ìwọ ò mọ̀. Iná tí wọ́n ń fún wa nígbà yẹn kò lágbára. Tí mo bá tan ẹ̀rọ wẹ́dà, gbogbo gílóòbù á pọ́n, telifíṣọ̀n á sì kú. Torí náà mi kì í ṣiṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé. Oníbàárà tó bá wá, mo máa ń ní kó padà wá lọ́sàn-án. Àwọn kan bínú, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ó sì fi owó wọn kọ́ ilé. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìwọ lo wá jókòó sórí àga pupa tí o ní mi ò ráyè.

Ọ̀sẹ̀ tí tíṣà yín kó yín lọ sí ilé-iṣẹ́ telifíṣọ̀n, tí wọ́n gba ewì rẹ sílẹ̀, o padà wálé, o ní Sátidé ni wọ́n máa fi hàn. Mi ò sùn dáadáa títí Sátidé fi pé. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ni ìjì jà. Ó já wáyà tí mo fi de òpó antẹ́nà, ó sì tẹ òpó náà lọ́rùn. Wẹ́dà ni mí, kí ni títún irin ṣe jẹ́ lọ́wọ́ mi? Ṣùgbọ́n iná bá ìjì lọ, kò sì dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìgbà tí ìlà ti yẹ kó yọ lójú telifíṣọ̀n gan-an ni iná dé. Tí mo bá tan ẹ̀rọ wẹ́dà, telifíṣọ̀n á kú. Tí mi ò bá sì jó òpó, telifíṣọ̀n ò ríran. Páálọ̀ ti kún, àwọn ìyá ọmọ dúró sẹ́yìn, ìwọ jókòó síwájú nínú aṣọ tí télọ̀ sáré rán fún ọ, ojú telifíṣọ̀n sì ń hó wùrùwùrù bí èèrà.

Mo jáde. Mo gun orí àgbá, mo gbá òpó mú, mo gbé e sókè, mo yí i sí apá ibi tí táńkì omi wà. Mo gbọ́ tí gbogbo ilé hó yèè. Ó ti mọ́. Mo ní kí n rọra fi í ti ara ògiri kí n sáré wọlé, wọ́n tún kígbe pé ó ti lọ. Mo gbé e padà, ó mọ́. Ìyá rẹ dúró lójú fèrèsé, ó ń sọ fún mi, sí ọ̀tún díẹ̀, ó tó, má mira. Ó wá yé mi pé kì í ṣe irin nìkan ló ń ṣe é, ara mi wà níbẹ̀. Láti ojú ọ̀run ni àwòrán ti ń bọ̀, á wọ ọwọ́ mi, á gba apá mi, á gba wáyà kọjá, kó tó dé inú páálọ̀. Inú ara mi ni o gbà kọjá, ọmọ mi, kí wọ́n tó rí ọ. Mo dúró bẹ́ẹ̀ láti orí Alápò-lẹ́tà títí dé orí rẹ. Apá mi kú, ọrùn mi kú, èèrà gun ẹsẹ̀ mi, èèrà gidi, mi ò pa á. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ wínniwìnni láti ojú fèrèsé, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀, mo kàn mọ̀ pé ìwọ ni. Mo gbọ́ àtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí o ka ewì tán, Àǹtí Sátidé bi ọ́ pé ta lo fẹ́ kí nílé, o sì kí mi. Kí lo sọ? Mi ò mọ̀ títí di òní. Ìyá rẹ ní o ní, mo kí bàbá mi. Télọ̀ ní rárá, o ní, mo kí bàbá mi wẹ́dà. Onígbàjámọ̀ búra pé o ní, bàbá mi tó ń jó irin bí ìràwọ̀, àmọ́ ọmọ kékeré ni nígbà yẹn, ẹkún sì wà lójú rẹ̀. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà yẹn. Mo ní lọ́jọ́ kan wọ́n á tún un fi hàn, màá gbọ́ ọ fúnra mi.

Mo mọ ohun tí o rí. Nígbà tí ètò parí, oníbàárà kan tí mò ń jó géètì fún ti dúró pẹ́, iná sì fẹ́ lọ. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àgbá, mo wọ gíláàsì dúdú, mo ṣáná sí irin. O sáré jáde nínú aṣọ tuntun, o dúró síwájú mi, mo sì ju ọwọ́ sí ọ pé kí o padà wọlé. Torí ojú rẹ ni! Iná wẹ́dà máa ń fọ́ ojú ọmọdé, ó yẹ kí ọmọ wẹ́dà mọ ìyẹn. Ṣé ọwọ́ tí mo jù yẹn lo gbé lọ sí ìlú ńlá, tí o ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí wá? Kí ló dé tí o ò bi mí? Ẹnu mi wà, etí rẹ wà, o kàwé títí dórí eyín, o ò bi bàbá rẹ ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kejì tí mo jáde ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo pe nọ́ńbà tó ń kọjá nísàlẹ̀ telifíṣọ̀n, kí n lè bá ọkùnrin oníkóòtù sọ̀rọ̀. Obìnrin kan gbé e, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn púpọ̀. Mo dúpẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Kò gbọ́, ó fi orin sí i. Nígbà tí orin fẹ́ tán, ó tún ní ìpè mi ṣe pàtàkì. Mo ní tí mo bá ṣe pàtàkì, kí ló dé tí o fi mí sílẹ̀ sídìí orin? Ó tún fi orin sí i títí owó fóònù mi fi tán. Onígbàjámọ̀ ní kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i mọ́, pé fídíò rẹ ti ń ràn káàkiri, pé ó ti ran àwọn èèyàn títí òkè òkun. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé o ti lo oògùn? Ó ní kì í ṣe irú ìyẹn, àmọ́ kò lè ṣàlàyé irú èyí tó jẹ́.

Ni mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé-iṣẹ́ telifíṣọ̀n tí tíṣà yín kó yín lọ nígbà náà, kí n lọ gba kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gba ewì rẹ sí. Gáàdì ẹnu géètì bi mí pé ta ni mo wá wò. Mo ní ọmọ mi. Ó ní ẹ̀ka wo ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọdé ni, inú kásẹ́ẹ̀tì ló wà. Ó wò mí pẹ́, ó ní kí n ṣí fìlà kí ẹ̀rọ lè ya mí. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní òfin ni. Mo ṣí i. Irun apá kan orí mi wà níbẹ̀, apá kejì ń dán. Ẹ̀rọ yà mí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì nínú ilé wá bi mí ní ìmélì mi, mo rò pé mélòó ni mo bí ló ń bi mí, mo ní mẹ́rin, gbogbo wọn ló wà láàyè. Ó ní rárá, ibi tí wọ́n máa fi èsì ránṣẹ́ sí. Mo ní kò sí ohun tí wọ́n máa fi ránṣẹ́, èmi nìyí, kó gbé e fún mi.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì. Yàrá náà kún dé òkè àjà, ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Mi ò lè bínú sí bàbá yẹn, wọ́n fi ọ̀wọ̀ gbà mí. Wọ́n wá a, wọ́n wá a, wọ́n rí i. Wọ́n wá ní kí n jókòó. Wọ́n ní nígbà yẹn kásẹ́ẹ̀tì ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n bá ti fi nǹkan hàn tán, wọ́n máa ń pa á rẹ́, wọ́n á gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n gbà sórí ọmọ mi. Wọ́n ní ayẹyẹ ṣíṣí afárá kan. Mo ní kí wọ́n tàn án kí n rí i. Ọkùnrin alágbára kan dúró pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, ó ń gé ríbọ́ọ̀nù, ó gé e, kò gé, ó tún gé e. Mo sún mọ́ ojú telifíṣọ̀n, mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, bóyá etí aṣọ rẹ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò yọ. Mo ní kí wọ́n tún un tàn. Kò yọ.

Mo pariwo, Olóhùn-iyọ̀. Mo pariwo débi pé àwọn òṣìṣẹ́ yọjú láti yàrá gbogbo. Mo ní afárá yẹn ti wó! Mo mọ̀ ọ́n, mo máa ń gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti wó tipẹ́. Ọmọ mi ò wó. Ọmọ mi wà, ó ń fa eyín ní ìlú ńlá. Ẹ pa ọmọ rẹ́, ẹ wá tọ́jú afárá tó wó. Bàbá arúgbó yẹn bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń nù ún. Ohun tó tún bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé àwòrán mi tí gáàdì yà, olórí ìdajì, obìnrin ìdí tábìlì ní wọn kì í pa ìyẹn rẹ́ láé. Èyí tí mi ò fẹ́ ni wọ́n máa pa mọ́.

Ibi tí mo kọ lẹ́tà dé rèé tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo rí i pé ìwọ ni. Mi ò gbé e. O tún pè, mi ò gbé e, mo ní màá kọ́kọ́ parí ohun tí mò ń sọ. Ni o bá pe ìyá rẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilé jáde báyìí, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní onígbàjámọ̀ pè ọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ, pé o sunkún débi pé ẹni tó wá fa eyín ló ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Ó ní o ní o ò mọ̀, pé ara rẹ nìkan lò ń wò lọ́jọ́ yẹn, o ò gbọ́ igbe ẹnikẹ́ni. Ó ní o ní wàá padà lọ bá ọkùnrin oníkóòtù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wàá sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé èmi ni mo di antẹ́nà mú.

Mi ò fẹ́. Gbọ́ mi dáadáa, mi ò fẹ́. Mi ò fẹ́ kí ọkùnrin yẹn tún gbé ọwọ́ lé àyà nítorí mi. Telifíṣọ̀n ti gbà tó lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí o wá sílé. Kí o dúró ní àárín páálọ̀, kí o ka ewì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èmi á jókòó sórí àga, màá wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ìyá rẹ ló máa bi ọ́ pé ta lo fẹ́ kí, ìwọ á sì sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ gan-an, mi ò fẹ́ kí o fi iyọ̀ sí i. Tí o bá ti gbàgbé ewì náà, lọ rántí rẹ̀. Máa kó àwọn ọmọ rẹ bọ̀, kí wọ́n wá rí bí ènìyàn ṣe ń jókòó wo nǹkan kan ṣoṣo. Kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Mi ò bẹ̀ ọ́ lówó o. Ẹni tí inú ń bí kì í tọrọ owó lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ nílò gíláàsì ojú tuntun, tòótọ́ ni, oògùn orúnkún rẹ̀ náà sì fẹ́ tán. Irin tí mo fi ń jó géètì ti wọ́n sí i. Owó fóònù tí obìnrin olórin yẹn jẹ, ìwọ lo fà á. Bẹ́ẹ̀ náà, tí o bá fi nǹkan díẹ̀ kún un, mo lè tún iwájú ṣọ́ọ̀bù kùn, torí àwọ̀ yẹn ń ṣe mí bí èébì. Onígbàjámọ̀ ò gba owó lọ́wọ́ mi nígbà tí mo padà lọ gẹ apá kejì, nítorí náà má ka ìyẹn mọ́ ọn.

Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀, á mú ọ padà láyọ̀. Ọ̀nà ò ní mì mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ohun tí o bá sọ níta, á padà sí rere fún ọ. Àwọn ọmọ rẹ á bi ọ́ ní ìbéèrè, wọn ò ní fi sínú di àgbà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ. Inú ṣì ń bí mi o. Má jẹ́ kó pẹ́ kí o tó dé, mi ò lágbára ìbínú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.